Ọjọ́ Ẹ̀jẹ̀ ní Ìdó-Ilé: Láti Ẹnu Fíríìjì ni Ètò Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Àpò ẹ̀jẹ̀ kan, nǹkan bí 450 mílílítà, tí wọ́n fà lára àgbẹ̀ tàbí olùkọ́ kan ní Ìdó-Ilé-Èkìtì ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kò lè ṣe aláìsàn kankan lóore bí kò bá ní ibi tó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú fíríìjì tí òtútù rẹ̀ kò kọjá ìwọ̀n 2 sí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ sùn. Bó bá rí ibẹ̀ sùn, tí èròjà CPDA-1 tí kì í jẹ́ kó dì sì wà nínú àpò rẹ̀, ó lè pẹ́ tó ọjọ́ 35. Bó bá sùn sínú kúlà tí yìnyín rẹ̀ ti yọ́, dídànù ni wọn yóò dà á nù, bó ti wù kí inú ẹni tó fi í tọrẹ mọ́ tó.

Nítorí náà ni orí ìwé yìí kò ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí pósítà, kánópì, tàbí ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lẹ́yìn. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣètò ọjọ́ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí ará ìlú ń jáde wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ní ìlú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ síbi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ, kó wá máa rìn bọ̀ wálé díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó máa fi í sílẹ̀. Gbogbo kòtò tó ń dá irú ètò bẹ́ẹ̀ dúró ló wà lójú ọ̀nà yẹn. Ẹni tó ti rìn ín ṣáájú ọjọ́ náà ló ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń wọ kòtò.

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń ṣírò ohun tí orílẹ̀-èdè nílò ni àpò ẹ̀jẹ̀ 10 lọ́dún láàárín èèyàn 1,000. Nàìjíríà, tí èèyàn inú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 200, yóò nílò nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àpò lọ́dọọdún. Èyí tó ń wá láti ọwọ́ àwọn tó ń fínnúfíndọ̀ tọrẹ kéré jọjọ sí i. Abájọ tí ọkọ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fi ń sáré kiri òru, tó ń pe àbúrò, tó ń pe ọ̀rẹ́, tó ń wá ẹni méjì tí yóò fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ rọ́pò èyí tí wọ́n fẹ́ gbé sí ìyàwó rẹ̀ lára. Bí kò bá rí ẹni tirẹ̀, ó lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀jẹ̀ fún owó. Richard Titmuss, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, The Gift Relationship, ní 1970 pé ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn fi tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́ kì í sábà léwu tó èyí tí wọ́n rà, nítorí pé ẹni tó fẹ́ gbowó kò ní fẹ́ sọ àìsàn tó ń ṣe é.

Ìyá tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ kò lè dúró de ìpàdé ẹbí. Ọmọdé tí ibà ti fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ gbẹ kò lè dúró, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde, bẹ́ẹ̀ ni èrò ọkọ̀ tí jàǹbá ká mọ́ ojú ọ̀nà Adó sí Iléṣà. Ohun tí ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ wà fún ni pé kí ẹ̀jẹ̀ ti máa dúró de aláìsàn kí aláìsàn tó dé.

Àwọn tó ti ṣe é rí

Ní oṣù Kẹwàá 1921, ilé ìwòsàn King's College ní Lọ́ńdọ̀nù fi tẹlifóònù pe ẹ̀ka ẹgbẹ́ Red Cross tó wà ní Camberwell pé aláìsàn kan nílò ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Percy Lane Oliver ni akọ̀wé ẹ̀ka náà, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń ṣe jẹun. Òun àti àwọn bíi mélòó kan gbéra lọ. Ẹ̀jẹ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Linstead ló bá ti aláìsàn náà mu. Láti ọjọ́ yẹn ni Oliver àti ìyàwó rẹ̀, Ethel Grace, ti sọ ilé ara wọn di ọ́fíìsì. Wọ́n ní káàdì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀: orúkọ, àdírẹ́sì, irú ẹ̀jẹ̀, ìgbà tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ń dáhùn tẹlifóònù tọ̀sán-tòru, wọn kò sì fún ẹnikẹ́ni lówó. Oliver ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní 1944.

Agbègbè kan náà ni Camberwell àti Peckham wà, ibi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí jù ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Wọ́n sì tún ń wá ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ lójú méjèèjì. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ro wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ju ti aláwọ̀ funfun lọ, òun ló sì ń bá ọ̀pọ̀ aláìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde mu jù. Èyí wà lára ìdí tí NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣí ilé ìtọrẹ ẹ̀jẹ̀ sí Brixton ní 2024. Ọmọ Èkìtì tó wà lọ́hùn-ún, tó ń fi owó kánópì ránṣẹ́ sílé, lè fi apá tirẹ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí Oliver bẹ̀rẹ̀, ẹni tó fẹ́ tọrẹ ló ń lọ bá aláìsàn ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún 1937 ni Bernard Fantus dá ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Cook County ní Chicago, tó sì pè é ní báńkì. Orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu aráyé mọ́. Fíríìjì dé, iṣẹ́ olùṣètò sì yí padà. Kò tún jẹ́ kìkì pé kó wá èèyàn mọ́. Ó di pé kó ṣètò bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe rìn.

Ọmọ Yorùbá kan tó rí èyí kedere ni Temie Giwa-Tubosun, tí wọ́n bí ní Ìlá Ọ̀ràngún, ìlú tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Èkìtì. Ní 2012 ó dá One Percent Project sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ tó sì ń kó wọn jọ láti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Lẹ́nu iṣẹ́ náà ló ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ lè wà ní báńkì kan kí aláìsàn sì kú ní ilé ìwòsàn tí kò jìnnà síbẹ̀, nítorí pé ẹnìkan kò mọ̀ pé ó wà, tàbí pé kò sí ẹni tí yóò gbé e dé ibẹ̀. Ní 2016 ó dá LifeBank sílẹ̀ ní Èkó, iléeṣẹ́ tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹ̀jẹ̀ nínú àpótí olótùútù láti báńkì dé ilé ìwòsàn. Láti orí kíkó èèyàn jọ ló ti dé orí gbígbé ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣètò ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó parí sí yẹn.

Ta ni yóò gba ẹ̀jẹ̀ náà?

Kò sí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kan tó láṣẹ láti fa ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Báńkì ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn, tàbí àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, National Blood Service Commission, tí òfin ọdún 2021 gbé kalẹ̀, ló ń fà á. Iṣẹ́ olùṣètò ni láti pèsè ibi, èèyàn, ìbojú, omi àti àlàáfíà.

Fún Ìdó-Ilé, ìlú mélòó kan ló yẹ kí ojú wo. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Aramọkọ àti ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, Wesley Guild sì wà ní Iléṣà fún ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìtawùrẹ́. Kí olùṣètò lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó béèrè ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò, kó sì bi í ní ohun tí yóò pinnu gbogbo ètò: àpò mélòó ni fíríìjì yín lè gbà lọ́jọ́ kan? Bí ìdáhùn bá jẹ́ 30, ètò 30 ni yóò ṣe, kì í ṣe 300.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré. Ìdó-Ilé yàtọ̀ sí Ìdó-Èkìtì. Ìdó-Ilé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì tí olú rẹ̀ jẹ́ Aramọkọ. Ìdó-Èkìtì ni ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà, apá ibòmíràn sì ni. Awakọ̀ tí wọ́n bá ṣáà sọ fún pé “Ìdó là ń lọ” lè gbé nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀dì àti kúlà lọ síbi tí ẹnì kankan kò ti ń retí rẹ̀, kí aago mọ́kànlá sì ti lù kí wọ́n tó mọ̀. Orúkọ ìlú, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀, orúkọ gbọ̀ngàn àti nọ́ńbà ẹni méjì tó wà ní ìlú ló gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà, kí olùṣètò sì bá awakọ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní alẹ́ àná ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ owó náà ń bẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bínú nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ilé ìwòsàn sì gba owó lọ́wọ́ aláìsàn tí wọ́n gbé e fún. Owó àpò àti owó àyẹ̀wò ni ilé ìwòsàn ń kà: wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò fún HIV, mẹ́dọ̀wú oríṣi B àti C, àti àrùn syphilis. Kí olùṣètò béèrè iye tí wọ́n ń gbà, kó sì sọ ọ́ níta gbangba ṣáájú ọjọ́ náà. Kó béèrè pẹ̀lú bóyá káàdì tí wọ́n ń fún ẹni tó tọrẹ máa ràn án lọ́wọ́ bí òun tàbí ìyàwó rẹ̀ bá nílò ẹ̀jẹ̀ lọ́la, kó sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ. Ìlú tí wọ́n bá ti tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan kì í jáde lẹ́ẹ̀kejì.

Bí a ṣe ń wọ ìlú

Lẹ́yìn tí báńkì bá ti gbà, ààfin ló kàn. Ohun tí Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè bá ti gbọ́ tí wọ́n sì fọwọ́ sí kì í di àhesọ. Àhesọ sì ni ọ̀tá tó burú jù níbí. Ní ìlú tí ìròyìn àwọn tó ń fi èèyàn ṣoògùn owó ń já láyà èèyàn lójoojúmọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyá àgbà tó béèrè pé “kí ni ẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ṣe?” ṣe ẹlẹ́yà. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni kí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì wọ aṣọ iṣẹ́ àti káàdì ìdánimọ̀, kí àpò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí ẹni tó tọrẹ fojú rí, kí wọ́n sì ka iye àpò tó wọ kúlà sókè níwájú àwọn àgbà kí ọkọ̀ tó gbéra.

Àwọn pásítọ̀ àti ìmáàmù ló kàn, lẹ́yìn wọn ni Ìyálọ́jà, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn akọpẹ. Ìkéde tí Ìyálọ́jà bá ṣe lọ́jọ́ ọjà máa ń ta pósítà yọ. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gbà á láyè láti fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tàbí láti gbà á, irú àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, kò sí ìdí tí wọ́n fi máa bá a jiyàn. Ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti to àga tàbí kọ orúkọ.

Yíyan ọjọ́ gba àròjinlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jẹun, kó sì ti mu omi dáadáa. Nítorí náà oṣù Ràmàdáánì kò dára, ọjọ́ tí ìjọ bá sì ń gbààwẹ̀ kò dára. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí ibojì Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá wà, kì í ṣàìní àwọn tó wá gbàdúrà àti àwọn tó ń gbààwẹ̀. Kí olùṣètò ibẹ̀ bi àwọn ìjọ léèrè ìwé ètò wọn kó tó mú ọjọ́. Ọjọ́ Ọlọ́rẹ Ẹ̀jẹ̀ Lágbàáyé ń bọ́ sí 14 oṣù Kẹfà, ọjọ́ ìbí Karl Landsteiner tó ṣàwárí oríṣi ẹ̀jẹ̀ A, B àti O. Ọjọ́ tó lókìkí ni, ṣùgbọ́n àárín òjò ló ń bọ́ sí nílẹ̀ Èkìtì. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ní gbọ̀ngàn, kì í ṣe kánópì.

Ilé ẹ̀kọ́ girama náà ń tan èèyàn jẹ. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn agùnbánirọ̀, àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera tó wà ní Ìjerò ló yẹ kí ojú wà lára wọn. Àwọn tó kẹ́yìn yìí wúlò lọ́nà méjì: wọ́n lè tọrẹ, wọ́n sì lè wọn ìfúnpá, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tó yé ará ìlú ṣàlàyé.

Ẹni tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀

Ọmọ ọdún 18 sí 65 ni, tí ó wọ̀n tó kìlógíráàmù 50 ó kéré tán, tí ara rẹ̀ le lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin lè tún fi sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀ yóò dúró díẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí ìwé ìbéèrè ilé ìwòsàn lè má gbé síwájú tó bó ṣe yẹ, tí olùṣètò tó jẹ́ ọmọ ìlú sì gbọ́dọ̀ rán nọ́ọ̀sì létí: gbẹ́rẹ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sín gbẹ́rẹ́ fún, tàbí tí wọ́n fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, lè ti kó mẹ́dọ̀wú tàbí HIV láti ara abẹ tí wọ́n lò fún ẹlòmíràn, kí àyẹ̀wò má sì tíì lè rí i nítorí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Kí wọ́n béèrè rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìbú àṣà ẹnikẹ́ni. Ẹni náà yóò padà wá nígbà míì.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ báńkì fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára èèyàn rọrùn láti wò. Wọ́n á gún un lọ́mọ ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ náà sínú omi búlúù kan tí wọ́n ń pè ní copper sulphate. Bó bá rì kíákíá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Bó bá léfòó, kò tó, wọ́n á sì gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ rí dókítà. Kí wọ́n má ṣe é lójú gbogbo èèyàn, nítorí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léfòó lójú ọjà lè má jáde mọ́ láé. Bákan náà ni ìfúnpá: ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń kọ́kọ́ gbọ́ pé àwọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èrè ńlá sì nìyẹn fún ìlú, kódà bí wọn kò bá fa ohunkóhun lára wọn.

Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kó ṣáà sọ ọ́, nítorí àwọn dókítà kì í fẹ́ gbé ẹ̀jẹ̀ AS fún aláìsàn SS tàbí ọmọ tuntun.

Nígbà tí nǹkan bá yíwọ́

Yóò yíwọ́. Olùṣètò tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní máa pariwo mọ́ àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́.

Ọkọ̀ lè pẹ́. Láti Adó, ọ̀nà Ìyìn, Ìgèdè, Aramọkọ ni wọn yóò gbà, òkè àti kòtò sì wà níbẹ̀. Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á ti kó àádọ́ta èèyàn jókòó láti aago mẹ́jọ, ebi á sì ti pa wọ́n tán kí abẹ́rẹ́ tó dé. Ó sàn kí wọ́n pín èèyàn sí wákàtí. Bẹ́ẹ̀dì kan kò lè gbà ju èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin lọ ní wákàtí kan: fífà náà kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀, àyẹ̀wò àti ìsinmi ń bẹ níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta fún wákàtí márùn-ún kò lè kọjá 60 láé, 45 ló sì súnmọ́ òótọ́. Bí ìròyìn bá dé pé ọkọ̀ ṣì wà ní Ìgèdè, kí wọ́n tẹ àwọn tó kù láago pé kí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, kí àwọn tó ti dé sì jẹ búrẹ́dì.

Iná lè lọ. Kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì tan èyí tí wọ́n yá wò ní ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìwọ̀n tó ń wọn àpò ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀rọ ìfúnpá, èyí tí kò nílò iná ló dára jù. Bí ó bá jẹ́ ti bátìrì, kí bátìrì tuntun wà nínú àpò olùṣètò. Ìwọ̀n yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré jù nínú àpò kò bá èròjà inú rẹ̀ dọ́gba, báńkì lè kọ̀ ọ́.

Yìnyín ni ẹ̀rù rẹ̀ yẹ kó ba èèyàn jù. Ẹni tó mọ̀ nípa yìnyín ní ìlú kékeré ju ẹnikẹ́ni lọ ni obìnrin tó ń ta ẹja tútù. Ó mọ ìgbà tí iná ń wá, ó mọ bí fírísà rẹ̀ ti ń pẹ́ tó kó tó dì, ó sì mọ ẹni tó tún ní fírísà ní àdúgbò. Kí olùṣètò bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú pé kó bá òun di omi inú ọ̀rá, kó sì bẹ ẹnìkan mìíràn pẹ̀lú, nítorí fírísà kan lè bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń to kúlà, yìnyín kò gbọdọ̀ fara kan àpò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì gbagidi ti bàjẹ́, pípa ni ó lè pa ẹni tí wọ́n gbé e fún. Páálí tàbí aṣọ nípọn ni kí wọ́n fi sáàárín wọn, kí òṣùwọ̀n òtútù sì wà nínú kúlà. Lójú ọ̀nà, ìwọ̀n 2 sí 10 ni kò gbọdọ̀ kọjá. Kúlà tó ti gba ẹja rí kò gbọdọ̀ gba ẹ̀jẹ̀.

Ẹnìkan lè dákú. Kò sábà léwu, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe ṣe sí i lójú gbogbo èèyàn ni yóò pinnu bóyá àwọn tó tò lẹ́yìn yóò dúró. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí wọ́n tú aṣọ ọrùn rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má da omi sí i lójú, kí èrò má sì rọ́ bò ó. Ìbojú aṣọ kan láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ibi tí èèyàn ń jókòó sí lè gba gbogbo ètò náà là.

Kí gbogbo ẹni tó bá tọrẹ sinmi bí ìṣẹ́jú 15, kó mu ohun mímu kan, kó jẹ bísíkíìtì. Akọpẹ kò gbọdọ̀ gun ọ̀pẹ lọ́jọ́ náà. Ọlọ́kadà kò gbọdọ̀ kúrò ní bẹ́ẹ̀dì kó bọ́ sórí ọ̀kadà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sì sí ẹni tó yẹ kó fi apá tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ náà gún iyán lálẹ́ yẹn. Ní Èkìtì, ó yẹ kí wọ́n sọ èyí sókè dáadáa, kí ọkọ tàbí ọmọ lè gba odó.

Èèyàn lè má tó bí wọ́n ṣe retí. Àpò ẹ̀jẹ̀ 12 tó dé Aramọkọ láìbàjẹ́ kì í ṣe ìtìjú; aláìsàn 12 ló lè dìde nítorí rẹ̀. Bí èèyàn bá sì pọ̀ ju àpò lọ, kí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sílẹ̀ pátá. Káàdì Oliver nìyẹn, òun sì ni ohun tí olùṣètò yóò mú relé tó níye lórí jù.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti lọ

Sírínjì, abẹ́rẹ́ àti owú tó ní ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ padà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ báńkì nínú àpótí tí abẹ́rẹ́ kò lè lu. Kò gbọdọ̀ sí ìkankan lórí àkìtàn ìlú. Àbájáde àyẹ̀wò jẹ́ ti ẹni tó ni ín, báńkì ni yóò sì bá a sọ ọ́; olùṣètò kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n, kódà bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ìyá.

Kí olùṣètò padà lọ sí báńkì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó béèrè àpò mélòó ni wọ́n lò, mélòó ni wọ́n dà nù, kí ló fà á. Kó kéde ìdáhùn náà ní ààfin, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sálásí, láìdárúkọ aláìsàn kankan.

Ìgbà kan ṣoṣo kò sì tó. Lẹ́yìn ìkọlù 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, àwọn ará Amẹ́ríkà rọ́ jáde, wọ́n fi nǹkan bí 500,000 àpò lé orí iye tí wọ́n ń rí gbà tẹ́lẹ̀. Àpò tí wọ́n lò fún àwọn tó fara pa nínú ìkọlù náà kò tó 300. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù pẹ́ jù, wọ́n dà á nù. Àwọn tó ní àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde ní Ìjerò tàbí Òkèmẹ̀sí kì í ṣàìsàn ní ọjọ́ àjọ̀dún nìkan, nítorí náà èèyàn 20 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún sàn ju 60 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Oṣù Kẹta, Keje àti Kọkànlá bá àlàfo oṣù mẹ́rin tí àwọn obìnrin nílò mu. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà ní 28 oṣù Kọkànlá ṣì wúlò títí di 2 oṣù Kìíní, nígbà tí gbogbo ọmọ Èkìtì tó wà l'Ékòó àti ní Àbújá bá ń sáré bọ̀ wálé tí wọ́n sì tún ń sáré padà lórí títì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹgbẹ́ bá rówó aṣọ. Ẹ lọ sí yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀: àpò mélòó ni fíríìjì wọn lè gbà, ọjọ́ wo ni wọ́n lè wá sí ìlú yín, àti ta ni yóò wa ọkọ̀. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì gba nọ́ńbà awakọ̀.